Iná Olójú Nínú Agbo Ilé Wa ní Kétu

Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin jáde láti lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó rí ẹnì kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé ìdáná àti ògiri, ẹ̀rù bà á, ó sì pariwo pé, "Ìwọ ta nìyẹn?" Ìyá mi ni. Ilé ìgbẹ́ ni ó ti ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan tọ ògiri, ó fi èkejì di ìró rẹ̀ mú. Kò bínú sí ọmọ náà. Ó ní, "Èmi ni, ọkọ mi. Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀."

Gbogbo wa ni a mọ òwe náà, a sì mọ̀ pé òun gan-an ni ó dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?" tí ọmọdé ń sọ sí àgbà láìmọ̀. Igbe ọmọ náà ti gbé mi dìde, mo sì dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìyá mi ń dá a lóhùn. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà bọ́ sórí ọwọ́ tó ń tọ ògiri, títí ilẹ̀ sì fi mọ́, ọwọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Agbo ilé wa rí bí ọ̀pọ̀ agbo ilé àtijọ́ ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Àwọn yàrá kọjú sí àgbàlá, ilé ìdáná dá dúró ní apá kan, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjìdínlógún, àtẹ̀gùn kékeré kan sì wà lójú ọ̀nà náà níbi tí sìmẹ́ǹtì àgbàlá ti ga ju ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ. Bọ́tìnì iná ẹ̀yìnkùlé wà nínú yàrá tí mo ń sùn. Ẹni tó kọ́kọ́ fa iná wọ ilé yìí fi í síbẹ̀ nígbà tí yàrá náà jẹ́ ti bàbá mi, nítorí bàbá ni ó máa ń tan iná ní ìrọ̀lẹ́ tó sì máa ń pa á nígbà tí ó bá rí i pé gbogbo ènìyàn ti wọlé. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ, ohun méjì ni ó kù: kí iná máa jó mọ́jú, tàbí kí ìyá mi wá kan ilẹ̀kùn mi ní aago méjì òru. Kò kàn án rí. Ó ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, òun kò ní gba oorun lójú rẹ̀. Mo ra tọ́ọ̀ṣì fún un, ó sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ kan tọ ògiri tó fi èkejì di ìró mú, ọwọ́ wo ni yóò fi di tọ́ọ̀ṣì?

Èyí ni ó mú kí n ra iná tó ń dá ara rẹ̀ tàn nígbà tí ènìyàn bá ń kọjá. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ọjà Wàńdó tí mo ti rà á, détecteur ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Àwọn ọmọ ilé wa sọ ọ́ ní iná olójú, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ojú ni ó ní lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà kò rí wa bí a ṣe ń rí ara wa.

Ooru ara ni ó ń wò. Gbogbo ohun tó bá gbóná ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú ènìyàn kò lè rí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní infrared, ara àwa ènìyàn pẹ̀lú sì ń tàn án láìdẹ́kun, lọ́sàn-án àti lóru. Nínú ojú iná náà, ohun kékeré kan wà tí ń mú agbára iná bíńtín jáde nígbà tí ooru tó ń bọ́ sára rẹ̀ bá yí padà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Bí ooru bá kan apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí oòrùn bá ń mú gbogbo ògiri gbóná díẹ̀díẹ̀, ohun tí ọ̀kan ń sọ yóò pa ti èkejì rẹ́, iná kò sì ní tàn. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kan ọ̀kan kí ó tó kan èkejì, a jẹ́ pé ohun tó gbóná kan ń rìn kọjá nìyẹn, iná yóò sì tàn.

Rọ́bà funfun tó yọ síta bí ààbọ̀ ẹyin, tí ó ní ìlà wẹ́wẹ́ nínú, ni ó ń ṣe iṣẹ́ tó kù. Orúkọ Augustin Fresnel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pe irú awò bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ṣe é fún ilé iná tó ń tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, wọ́n sì kọ́kọ́ lò ó ní ilé iná Cordouan ní ọdún 1823. Nínú iná olójú tiwa, ó ń pín àgbàlá sí abala abala tó nà lọ láti ibi tí ojú wà, gẹ́gẹ́ bí ebè ti ń nà lọ nínú oko. Ibi tí mo dé báyìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀ kí ó fojú inú wò, nítorí ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ ni ó dá egbò sí ìyá mi lórúnkún. Ẹni tó ń dábùú ebè kọjá yóò gorí ebè kan, yóò bọ́ sí poro, yóò tún gorí òmíràn, ojú iná yóò sì tètè mọ̀. Ẹni tó bá ń bá poro lọ tààrà kò fẹsẹ̀ kan ebè kankan. Ẹni tó ń rìn bọ̀ níwájú ojú iná tààrà, inú poro ni ó ń rìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná ní àdúgbò wa ni ó wá so ó. Ó fi í sára ògiri ilé ìgbẹ́, ó kọ ojú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá mi, ó sì ní, "Tántì, bí Màmá bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn báyìí ni yóò ti rí wọn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ń sáré kọjá níwájú rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, iná ń tàn, inú gbogbo wa dùn. Ní òru, ìyá mi jáde, ó rìn tààrà sí ọ̀nà ibi tí iná wà, díẹ̀díẹ̀, bí àgbà ti ń rìn. Iná kò tàn. Ó dé orí àtẹ̀gùn náà, ó rò pé ó ṣì ku ìṣísẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ já sílẹ̀, ó sì fi orúnkún lélẹ̀. Ìgbà tó wà nílẹ̀ tí ó ń na ọwọ́ wá ohun tí yóò dì mú ni iná tó tàn sí i lójú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ti ń fi omi gbígbóná wẹ ojú egbò náà, ó ní, "Iná rẹ rí mi. Ó kàn pẹ́ kí ó tó rí mi ni."

A pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà. Ó bẹ ìyá mi tọkàntọkàn, ó dọ̀bálẹ̀, ìyá mi sì ní kí ó dìde kí ó wá wo ọ̀nà náà pẹ̀lú òun. Àwọn méjèèjì rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ara ògiri ilé ìdáná, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ni a wá gbé e sí, ní gíga bí mítà 2 àti díẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin kí ènìyàn tó dé àtẹ̀gùn, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ má lè ṣe kí ó máà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, kí ìyá mi tó gbé ẹsẹ̀ kẹta ni iná ti ń tàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ so irú iná yìí fún òbí rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́kọ́ bá òbí náà rin ọ̀nà náà ní òru, ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀, kí wọ́n tó lu ihò kan ṣoṣo sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná yàtọ̀. Nígbà tí iná ọ̀nà ti dára báyìí, mo ní kí a fi òmíràn sí ilé ìdáná, nítorí pé àwọn ọmọ kì í rántí pa iná ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó bẹ́ ẹ̀gúsí ní alẹ́. Ó ní àpótí kékeré kan tí ó máa ń jókòó lé, igbá wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, awo sì wà ní ọ̀tún. Ó máa ń mú ẹ̀gúsí kan láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, yóò tẹ etí rẹ̀, èèpo yóò là, yóò ju ọmọ inú rẹ̀ sí awo, ìka rẹ̀ yóò sì ti wà lórí òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó dúró. Lójú èmi, iṣẹ́ ńlá ni. Lójú iná, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ibi tí ojú iná wà jìnnà sí i, abala kọ̀ọ̀kan sì ti fẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìka àti ọrùn ọwọ́ lè máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko láìkúrò nínú abala kan ṣoṣo. Bí ìṣẹ́jú tí a dá fún un bá pé, iná á pa.

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú òkùnkùn pé, "Mo wà níbí o." Á gbé apá sókè, iná á tàn, á tẹrí ba sórí igbá, iná á tún pa. Kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó tì í láti bá a bẹ́ ẹ̀gúsí, iná sì pa mọ́ àwa méjèèjì lórí, ọkàn mi sì bàjẹ́ gan-an. Obìnrin tí gbogbo agbo ilé ń kúnlẹ̀ kí ní òwúrọ̀ ni ó ń gbé apá sókè ní alẹ́ kí ohun tí mo fi owó mi rà lè gbà pé ó wà láàyè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní a lè fi kún ìṣẹ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni pé bọ́tìnì kéékèèké mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀ tí a ń fi tọnafíìsì (irin tí a fi ń yí ìdè) yí: ọ̀kan fún bí ìgbà tí iná yóò fi jó ti pẹ́ tó, ọ̀kan fún bí ilẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣú tó kí ó tó ṣiṣẹ́, tí a fi àwòrán oòrùn àti òṣùpá sàmì sí, àti ọ̀kan fún bí ojú rẹ̀ yóò ti mú tó. A yí ti àkọ́kọ́ dé òpin, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀gúsí ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, ooru ààrò náà ń dà á láàmú, nítorí bí igi bá ń jó, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀, ó máa ń rò pé ènìyàn ń kọjá, a sì máa ń bá iná ní títàn nínú ilé ìdáná tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá ni iná olójú yẹ sí. Ibi tí ènìyàn ń jókòó sí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi tan iná rẹ̀. A yọ ọ́ kúrò, a sì fi bọ́tìnì lásán sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ìyá mi, ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó o láìdìde. Nítorí ìdí kan náà ni n kò fi gbà kí wọ́n fi irú rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń kàwé.

Ní ti ilé ìgbẹ́, ojú tó wà níta kò lè rí ẹni tó ti ti ilẹ̀kùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ooru yìí kì í la pákó kọjá. Dígí fèrèsé pàápàá ń dí i. Inú ilé ìgbẹ́ gan-an ni a fi ọ̀kan sí, lókè orí, a sì yí i sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irú mìíràn wà tó ń lo ìgbì bíi ti rédíò, tó sì lè rí ohun tó ń rìn lẹ́yìn pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo rò ó wò, n kò rà á, nítorí òpópónà wà lẹ́yìn ọgbà wa, n kò sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ lójú pópó máa tan iná sí wa lórí.

Ẹran tó ń jẹ̀ kiri náà ń tàn án. Ewúrẹ́ gbóná bí ènìyàn, ó sì ń rìn bí ènìyàn. A darí ojú iná náà sókè díẹ̀, àwọn adìẹ bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n òbúkọ aládùúgbò wa ṣì ń tàn án ní gbogbo òru tó bá fò wọlé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kì í ríran bákan náà jálẹ̀ ọdún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ara wa àti ti ohun tó wà lẹ́yìn wa ni ó ń wò. Awọ ara ènìyàn máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 32 sí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìgbà ọyẹ́, tí òru bá tutù, tí ògiri bá tutù, ìyá mi yàtọ̀ pátápátá sí ohun gbogbo tó yí i ká, iná á sì rí i láti òkèèrè. Ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, ògiri tó ti mu oòrùn láti àárọ̀ kì í tètè tutù, ní ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ara ènìyàn, iná náà kì í sì í tètè mọ ẹni tó ń bọ̀ mọ́. Nítorí náà, a máa ń yí bọ́tìnì kẹta sókè nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, a ó sì dá a padà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ̀rọ̀ owó. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí pé èmi ni mo ń ra iná sínú kọ́ńtà, ẹ̀rọ tó ń ka iná tí a lò. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 tó bá jó fún wákàtí 12 lóru kọ̀ọ̀kan yóò jẹ 3.24 kWh (ìwọ̀n tí kọ́ńtà fi ń ka iná) ní ọgbọ̀n òru. Bí ó bá jẹ́ wákàtí kan péré ni ó ń jó, 0.27 kWh ni, ṣùgbọ́n ojú náà kì í sùn, bí ó bá sì ń jẹ ìdajì wáàtì lọ́sàn-án lóru, 0.36 kWh nìyẹn pẹ̀lú. Èrè wà, ó kàn kéré ni. Ẹni tó bá ṣì ń lo gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tó ń jẹ 21.6 kWh bí ó bá ń jó mọ́jú fún oṣù kan, yóò rí èrè púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí ó bá tilẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù náà lásán, èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nítorí ẹsẹ̀ ìyá mi ni mo ṣe ra tèmi.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni kí n sọ ní ṣókí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú yìí ń fẹ́ wáyà mẹ́ta: èyí tó ń gbé iná wá, èyí tó ń dá a padà, àti èyí tó ń lọ sí gílóòbù. Nínú ilé àtijọ́, méjì péré ni ó máa ń wà lẹ́yìn bọ́tìnì ara ògiri. Àwọn kan wà tí méjì tó, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí iná bíńtín gba inú gílóòbù kọjá nígbà gbogbo, LED sì lè máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tó yẹ kí ó ti pa. Iná 220 fóòtì kì í ṣe ohun ìdánwò. Kí a pa á láti ìdí kọ́ńtà, kí a sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní òru Ẹ̀fẹ̀ tó kọjá, àwọn àlejò wa ń wọlé ní méjì méjì láti ojú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ títí di ìdájí. Ìyá mi kò lè dúró pẹ́ lójú agbo mọ́, ó ti wá sùn. Láti orí ẹní rẹ̀, ó ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé, ó ń gbọ́ "tẹ́" kékeré tí iná náà máa ń ṣe kí ó tó tàn, nígbà tí ó sì jí, ó sọ iye ènìyàn tó wọlé fún mi àti ẹni tó pẹ́ jù.

Ibi kan ni ó kù. Bí iná ìlú bá lọ, ojú àwọn ohun wọ̀nyí fọ́ pátápátá, nígbà tó bá sì padà dé, ojú náà á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ó tó ríran dáadáa. Ìyá mi ṣì ń tọ ògiri ní irú òru bẹ́ẹ̀. Mo ti ra ọ̀kan tó ń gba agbára láti ara oòrùn lọ́sàn-án tó sì ní bátìrì tirẹ̀ nínú, kékeré, tí a ó kàn mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun yóò wá. Ìyá mi ti rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ àná, ó sì ti fi ẹfun sàmì sára ògiri síbi tí ó fẹ́ kí ó wà.